Ẹ́ńjìnnì Tí Ìgbín Yàn fún Ilé Rẹ̀

Nígbà láéláé, Ìgbín kò gbé ohunkóhun sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú, ó ń dán. Ẹ má tíì bi mí pé níbo ni ẹsẹ̀ náà wà báyìí. Ẹ fara balẹ̀.

Nígbà náà, àwọn ẹranko ń wa ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀! Ẹ pa ẹnu yín dé. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó lọ bi Akàn, nítorí Akàn ni mẹkáníìkì gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni sípánà rẹ̀, kò yá ti ẹnikẹ́ni lò rí.

Etí odò kékeré kan ni Ìgbín ń gbé pẹ̀lú Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ wọn obìnrin, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ìgbín lọ́mọ. Ìyá Àgbà ti darúgbó, kò lè rìn mọ́.

Ní ọdún kan, òjò tètè dáwọ́ dúró. Odò gbẹ, ó ku ẹrẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé oòrùn kì í bá ará ilé ìgbín ṣeré. Awọ ara Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń sán.

"Ìgbín, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà wí, "bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá bá mi níbí, ẹ óò sin mí ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìgbín wọ eegun. Ó mọ̀ pé odò kan wà lódìkejì Òkè Rọ́rọ́ tí kì í gbẹ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe gbé ìyá rẹ̀ la oòrùn kọjá? Àfi kí ó gbé e lọ tòun ti òrùlé lórí.

Bí Ìgbín ṣe lọ ra ọkọ̀ àlòkù lọ́wọ́ Okété nìyẹn. Ilé ni Okété fi ọkọ̀ náà ṣe. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò wà nínú rẹ̀, kọ́tìnnì sì wà lójú fèrèsé. Kò sí ohun tí kò sí níbẹ̀, àfi ẹ́ńjìnnì. Okété ti yọ ẹ́ńjìnnì tà.

Ìgbín àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Akàn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Rẹ̀mí," ni Akàn kí i. "Níbo lẹ fẹ́ gbé e lọ?"

"Òkè Rọ́rọ́ la fẹ́ gùn," ni Ìgbín dáhùn.

Akàn fà wọ́n lọ sí ìdí ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó yọ lára ọkọ̀ agégẹdú. Ó ta á jí.

GBÌÌÌ! Gbì-gbì-gbì-gbì! Èéfín dúdú bo ojú ọ̀run. Ewé jábọ́ lórí igi. Rẹ̀mílẹ́kún sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀.

"Háà!" ni Ìgbín ké. "Akàn, kí lèyí?"

"Èyí ni yóò gbé yín gun òkè."

"Inú ilé ni mo fẹ́ gbé e sí o! Inú ilé tí ìyá mi ń sùn! Ta ló ń mú irú oníjàgídíjàgan báyìí wọlé?"

Ìgbín wá wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ìlọta. Nígbà tí Akàn ta òun náà jí, ńṣe ló ń kùn jẹ́jẹ́: hùùùn, hùùùn, bí oyin nínú òdòdó. Ìgbín rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èyí ní ìwà," ni ó wí. "Èyí ni kí o bá mi fi sí i."

Akàn rẹ́rìn-ín títí ẹnu rẹ̀ fi ń yọ fóòmù. "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé ọkọ ọmọ lẹ wá yàn ni, àbí ẹ́ńjìnnì? Ìwà kọ́ ló ń gun òkè o, agbára ni! Ó dáa, ẹ lọ kó gbogbo ẹrù yín wá, ká fi gun gegele tó wà lẹ́yìnkùlé mi wò."

"Ẹrù wo la ní? Ìkòkò kan àti ẹní méjì."

"Ẹrù tí ará àdúgbò yóò fi rán yín ńkọ́?"

"Ta ni yóò fi ẹrù rán mi?"

Akàn wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ kò lè sọ pé rárá fún eṣinṣin?"

Ọ̀rọ̀ náà bí Ìgbín nínú. Ẹ sì mọ Ìgbín, bí inú bá bí i, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Ó ní òun kò gun gegele kankan. Akàn bá a fi ẹ́ńjìnnì kékeré náà sínú ọkọ̀. Orí iyanrìn tó tẹ́jú pẹrẹsẹ ni wọ́n ti dán ọkọ̀ wò, òfìfo ló sì wà. Ọkọ̀ náà sáré dáadáa. Kí ló kù? Ìgbín gbé e lọ.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n gbéra. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ọmọlúàbí kì í lọ láìdágbére." Ó jáde lọ dágbére fún àwọn aládùúgbò.

Yéè! Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ gbé kèǹgbè epo pupa dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí fún àna mi lódìkejì òkè." Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé àpò ẹ̀kùrọ́ dé. Àǹtètè ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí aṣọ fún ẹ̀gbọ́n òun. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, aṣọ wo ni Àǹtètè ní?

Alángbá ló dé gbẹ̀yìn. Ọlọ ló gbé dání, ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ. Ọlọ, ẹ̀yin ọmọ! Òkúta! Tòun ti ọmọ ọlọ!

Ìgbín wo ọlọ náà. Ó la ẹnu láti sọ pé rárá. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ gbé e wọlé."

Wọ́n gbéra. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń kùn, hùùùn. Ìyá Àgbà ń tòògbé lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ohùn ẹ́ńjìnnì tín-ín-rín sí i. Nígbà tí wọ́n gun òkè dé àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Hùn… hùn… hú. Èéfín yọ, ó kú.

Gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbín kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ tó bani lẹ́rù bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Rẹ̀mí!" ni Àwẹ̀ró figbe ta. "À ń padà sẹ́yìn! Ọ̀gbun wà lẹ́yìn wa!"

Àwẹ̀ró gbá ọmọ mú, wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ti bẹ́ báyìí ni ọlọ Alángbá yí gbirigbiri, ó sì dí ẹnu ọ̀nà pa. Ìgbín gba ojú fèrèsé jáde. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ ló rántí.

Ìyá Àgbà wà nínú ọkọ̀!

Háà! Mo sọ fún yín, àyà mi ń já bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. Ìgbín kò ronú. Ó sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dojú bolẹ̀, ó sì ki ẹ̀yìn bọ abẹ́ ọkọ̀ náà.

GBÀGÀ! Odindi ilé balẹ̀ sí i lẹ́yìn.

Ìjayà náà pọ̀ débi pé ojú Ìgbín méjèèjì ta jáde kúrò ní agbárí, ó nà gbọọrọ síta bí ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú ikùn lọ, a kò sì tún rí wọn mọ́ dòní olónìí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúró.

Láti inú ilé, Ìyá Àgbà jí lójú oorun. "Ìgbín, ṣé a ti dé ni?"

"A ò tíì dé, Ìyá mi," ni Ìgbín dáhùn. "Ẹ máa sùn lọ."

Àwẹ̀ró gba ojú fèrèsé wọlé, ó ju epo nù, ó ju ẹ̀kùrọ́ nù, ó ju àpótí Àǹtètè nù. Ó ti ọlọ náà pẹ̀lú omijé lójú títí ó fi já bọ́ sínú ọ̀gbun. Ìgbín kò lè gbé ilé kalẹ̀, nítorí bí ó bá yẹ̀, ìyá rẹ̀ á bá a lọ. Nítorí náà, ó ń fi ikùn wọ́ lọ. Òógùn tó ń jáde lára rẹ̀ ń yọ̀ lórí òkúta, òun ló sì ń jẹ́ kí ó lè fà. Ó fà, ó sinmi, ó tún fà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé etí odò. Àwẹ̀ró àti Rẹ̀mílẹ́kún gbé Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé tútù. Ara Ìyá Àgbà tutù, ó mí kanlẹ̀. Ó yè.

"Gbé ilé kalẹ̀, ọmọ mi," ni ó wí. "O ti ṣiṣẹ́."

Ìgbín mi ara. Ilé kò bọ́. Àwẹ̀ró dì í mú, ó fà á.

"Yéè!" ni Ìgbín ké. "Ẹ má fà á mọ́! Ara mi ni!"

Wọ́n wo ara wọn. Ilé ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Nígbà tí Akàn gbọ́ ìròyìn náà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹnu yà á débi pé ojú òun náà yọ síta, kò sì wọlé dáadáa mọ́.

Létí odò lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti fi súre fún ọmọ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀ níbi tó yọ sí. Kíá, ojú náà wọlé lọ! Gbogbo wọn tún figbe ta. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Bí ó bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá, tòun ti ilé lẹ́yìn ni wọ́n ń jáde nínú ẹyin. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ikùn wọ́, tí ọ̀nà rẹ̀ sì ń yọ̀.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ nínú ìrì òwúrọ̀, tí ojú rẹ̀ yọ síta gbọọrọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí nǹkan bá ti kan ojú náà báyìí, ó rò pé ọkọ̀ tún ti ń yí padà sẹ́yìn ni, àti pé ìyá òun ṣì wà nínú rẹ̀.