Imú Ọkọ̀ Alàgbà Fágbèmí

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọkọ̀ àtijọ́ Alàgbà Fágbèmí ń mu epo bí ọ̀mùtí, alàgbà sì ní Rájí, dẹ́rẹ́bà òun, ló ń fẹnu fà á tà. Láràárọ̀ ni yóò ní, "Ya ẹnu!", tí yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Rájí bá ń jẹ àlùbọ́sà wá síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí alàgbà fẹ́ lé e kúrò níṣẹ́, mẹkáníìkì tó ń yẹ ọkọ̀ náà wò yọ nǹkan kékeré kan lára páìpù èéfín.

"Bàbá, èyí ló ń gbóòórùn èéfín, kí ẹ́ńjìnnì má baà mu epo jù. Ó ti kú. Imú ọkọ̀ ló bàjẹ́, ẹ wá ń gbóòórùn ẹnu dẹ́rẹ́bà!"

Ó fi tuntun síbẹ̀, ọkọ̀ sì jáwọ́ nínú ìmukúmu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rájí tún ya ẹnu.

"Pa á dé, Rájí, má bínú," ni alàgbà wí. "Àlùbọ́sà yẹn ti fẹ́ pa mí."