Bí Ìjámọ̀ Kan Ṣe Di Mẹ́rin

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, tí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi àdá la ọ̀nà dé ibẹ̀, ìlú kan wà ní àárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjámọ̀. Iṣu wọn tóbi, omi wọn mọ́, ọba wọn sì jẹ́ arúgbó oníwà pẹ̀lẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá ìjà, ìjà a máa wá a wálé.

Ní ìlú Ọ̀dẹ̀rẹ̀ ni Arógunmáyà wà, ajagun-bí-ẹni-jẹun, ọkùnrin tí ń fi òrùlé onílé yáná. Ó kọlu Ìjámọ̀ ní ìgbà ìkórè, ó kó iṣu inú abà, ó sì ti iná bọ ìlú. Bí èéfín ṣe ń rú lọ́wọ́, ó gun orí ògiri kan tó ti wó, ó sì pariwo pé: "Ìjámọ̀ tí kò jámọ́ nǹkan kan! Láti òní lọ, ayé kò gbọdọ̀ gbọ́ orúkọ yìí mọ́. Ahọ́n tó bá pè é, n ó gé e!"

Akíndípẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti inú igbó tí ó sá pamọ́ sí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ọkùnrin gìdìgbà, a-dúró-gbọin-bí-òpó, ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀ ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kì í lọ kí ó bọ̀ lófo. Ọba arúgbó ni ó gbé pọ̀n jáde nínú iná. Nígbà tí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ igi, ó rí i pé ẹ̀mí ọba náà kò ní pẹ́ bọ́.

Ọba di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Akíndípẹ̀, ìlú tó jóná, a lè tún un kọ́. Orúkọ tó bá sọnù, ta ni yóò bá wa wá a? Má jẹ́ kí ó sọnù."

"Kábíyèsí, kò ní sọnù," ni Akíndípẹ̀ wí. Ó sì sunkún, nítorí ó ti ṣèlérí ohun tí kò mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Àwọn ará Ìjámọ̀ fọ́n ká bí ìgbà tí àwòdì bá já lu ọ̀wọ́ adìyẹ. Àwọn apẹja sá lọ sí etí odò, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn kan gun òkè lọ. Àwọn ọdẹ kó aya àti ọmọ wọn wọ inú igbó kìjikìji. Ìwọ̀nba àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé eré ni ó padà sí inú eérú, aṣáájú wọn sì ni Àwẹ̀ró, opó amọ̀kòkò kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ta ewé bo ògiri ilé rẹ̀ tó ṣẹ́kù, ó ní, "Ibi tí mo bímọ sí ni n ó kú sí."

Ọdún ń gorí ọdún, jìnnìjìnnì ogun fò kúrò lára àwọn ènìyàn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ìlú wọn. Orúkọ náà ni ó sì fẹ́ tú wọn ká lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ará odò ní, "Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ọmọ ọba wà, àwa ni Ìjámọ̀." Àwọn ará òkè ní ọ̀dọ̀ àwọn ni gbogbo ìjòyè sá wá, ìlú kò sì sí lẹ́yìn ìjòyè. Àwọn ará igbó ní àwọn ni àwọn gbé òrìṣà ìlú jáde nínú iná nígbà tí ọmọ ọba àti ìjòyè ń sáré orí ara wọn. Nígbà tí Akíndípẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti ń pọ́n idà, ó rìn láti ibùdó dé ibùdó, ó bẹ̀bẹ̀, ó halẹ̀, títí gbogbo wọn fi gbà láti pàdé lórí ahoro ààfin.

Ó dìde láàárín wọn, ó ní:

"Ẹ̀yin ará mi, Arógunmáyà sun ilé wa, kò rí orúkọ wa sun. Ṣé àwa ni yóò wá bá a parí iṣẹ́ rẹ̀? Bí ìyá kan bá bí ọmọ púpọ̀, ṣé ọ̀kan ni yóò máa pè lọ́mọ, tí yóò pe ìyókù ní àlejò? Orúkọ ìlú dà bí ènìyàn: ó ní orí, ó ní ẹsẹ̀. Orí ń sọ ibi tí a ti ṣẹ̀ wá, ẹsẹ̀ ń sọ ibi tí a dúró sí. Kí gbogbo wa máa jẹ́ Ìjámọ̀, kí olúkúlùkù sì fi ibi tí ó wà parí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi tó ń ṣàn, Ìjámọ̀-Odò ni yín. Ẹ̀yin tí oòrùn ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀, Ìjámọ̀-Òkè. Ẹ̀yin tí ìrókò ń ṣíji bò, Ìjámọ̀-Igbó. Ẹni tó gbọ́ ìparí orúkọ náà yóò mọ ọ̀nà ilé yín. Ẹni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo wa ni òun fọwọ́ kàn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ láti ibi tí ó jókòó sí: "Akíndípẹ̀ ọmọ mi, o fún olódò ní odò, o fún olókè ní òkè. Àwa tí a jókòó ti eérú ńkọ́? Ṣé Ìjámọ̀-Eérú ni wàá pè wá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Akíndípẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Èèwọ̀, ìyá. Ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ jókòó sí. Bí kò tilẹ̀ sí òrùlé kan ṣoṣo níbẹ̀, ilé ni. Ìjámọ̀-Ilé ni tiyín. Ẹni tó bá ṣìnà nínú wa, ibẹ̀ ni yóò padà sí."

Obìnrin náà fi ìdí ìró nu ojú. "Ó dáa," ni ó wí, "bí ó bá jẹ́ ilé ni, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ bá wa po amọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó gbé idà wá fi idà sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sínú ihò amọ̀, tí ará odò ń pọnmi fún ará òkè, tí ẹ̀rín sì gba ibi tí ìjà ìbá ti ṣẹlẹ̀.

Ìròyìn kì í jókòó. Arógunmáyà gbọ́ pé Ìjámọ̀ tún ti jí, inú bí i, ó sì kó ogun tó bo ojú ọ̀nà bí ìjàlọ. Akíndípẹ̀ mọ̀ pé bí ogun náà bá wà lójú kan, kò sí ẹni tí yóò kò ó lójú. Ó ránṣẹ́ sí odò, òkè àti igbó pé kí wọ́n múra de ogun, ó sì tọ Àwẹ̀ró lọ, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sá, ìyá náà kọ̀.

"Bí wọ́n bá bi mí léèrè ọ̀nà ńkọ́? Ṣé kí n purọ́?"

"Rárá, ìyá. Òtítọ́ ni kí ẹ sọ fún wọn."

Akíndípẹ̀ àti àwọn akọni díẹ̀ sì fara pamọ́ sínú ilé titun tí a kò tíì bò tán. Ìyá arúgbó náà nìkan ni ó dúró níta nígbà tí Arógunmáyà dé.

"Ìyá arúgbó, níbo ni Ìjámọ̀ wà?"

"Ìjámọ̀ wo?"

"Ìjámọ̀ mélòó ló wà?"

"Ṣé Odò lẹ fẹ́ lọ ni, àbí Òkè? Àbí Igbó lẹ ń wá?" Ó nawọ́ sí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kò sì fi ọ̀kan pamọ́.

Arógunmáyà gbọ̀n fún ìbínú. "Mo sun ọ̀kan, ó wá di mẹ́ta?"

"Mẹ́rin ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ ń tẹ ìkẹrin mọ́lẹ̀ lọ́wọ́."

Wọ́n dè é mọ́ òpó. Ọ̀kan nínú àwọn balógun ní kí àwọn mú ìlú wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n Arógunmáyà já lu ọ̀rọ̀ náà: "Èéfín ọ̀kan yóò ta àwọn yòókù lólobó, wọn yóò sì sá. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò jó." Ó pín ogun rẹ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ, òun àti ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì jókòó sórí ahoro, wọ́n ń retí èéfín.

Èéfín kò rú. Àwọn tó lọ sí odò wọ omi tó ga dé igbáyà, àwọn apẹja sì yọ sí wọn pẹ̀lú ọkọ̀ àti àwọ̀n, wọ́n kó wọn bí ẹja. Lórí òkè, àpáta ńláńlá yí lu àwọn tó ń gùn bọ̀, wọ́n sì ń yí gbirigbiri padà sísàlẹ̀. Ti igbó ni ó burú jù: àwọn tó wọlé síbẹ̀ kò rí ọ̀tá kankan, ọfà ni wọ́n ń rí, títí wọ́n fi ju idà sílẹ̀ tí wọ́n ń bẹ igi.

Nígbà tí fèrè ìṣẹ́gun dún láti etí odò, tí òkè dá a lóhùn, tí igbó sì gbè é, Akíndípẹ̀ fò jáde bí ẹkùn. Àwọn akọni rẹ̀ dojú kọ ẹ̀ṣọ́, òun dojú kọ Arógunmáyà. Idà Arógunmáyà la apata rẹ̀ sí méjì, ó sì ya èjìká rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣú, ṣùgbọ́n ó ju ìyókù apata nù, ó rọ́ mọ́ ọ̀tá rẹ̀ ní ìbàdí, ó gbé e sókè, ó sì là á mọ́ inú ihò amọ̀. Arógunmáyà rì dé itan. Bí ó ti ń jà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń rì.

Àwọn ará ìlú rọ́ dé láti ọ̀nà gbogbo. Akíndípẹ̀ tú ìyá arúgbó sílẹ̀ ná, kí ó tó wolẹ̀ wo inú ihò. "Pe orúkọ wa."

Arógunmáyà wo yíká, kò rí ènìyàn rẹ̀ kan. Ó ní: "Ìjámọ̀-Odò. Ìjámọ̀-Òkè. Ìjámọ̀-Igbó." Ó fẹ́ fi mọ síbẹ̀. Àwẹ̀ró wúkọ́. "Ìjámọ̀-Ilé," ni Arógunmáyà fi kún un. Igbe ayọ̀ sì sọ tí ẹyẹ fi ṣí lórí igi.

"Ẹ gé ahọ́n rẹ̀!" ni àwọn ènìyàn ń wí. "Òun ló ṣòfin!"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún un," ni Akíndípẹ̀ dáhùn. "Mo fẹ́ kí ó máa fi í ròyìn wa ní Ọ̀dẹ̀rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lọ tamọ̀tamọ̀, ogun kò sì ti ọ̀nà Ọ̀dẹ̀rẹ̀ wá mọ́.

Wọ́n fi adé lọ Akíndípẹ̀, kò gbà á, ó ní ọmọ ọba wà. Ó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ṣíṣí ọ̀nà láti Ìjámọ̀ kan dé òmíràn. Àárín ọ̀nà ni ikú sì bá a, ní ọ̀sán gangan, ó jókòó ti igi pẹ̀lú ọkọ́ lórí itan, arúgbó tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sinmi díẹ̀. Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin du òkú rẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ibi tí ó ti sinmi ni kí wọ́n sin ín sí. Wọ́n mọ òkìtì gíga lé e lórí. Àwọn arìnrìn-àjò ń sọ ẹrù níbẹ̀, wọ́n ń ra, wọ́n ń tà, títí ilé fi yí òkìtì náà ká, tí ibẹ̀ di Ìjámọ̀-Ọjà. Àwọn àgbẹ̀ tí abà wọn di ìlú sọ tiwọn ní Ìjámọ̀-Oko. Bí ọjọ́ ọjà bá sì pé, tí ìyálọ́jà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, tí ó kígbe pé, "Ẹ̀yin Ìjámọ̀ dà?" kò sí ẹni tí ó ń dúró béèrè Ìjámọ̀ wo. Gbogbo ọjà ni ó ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.