Ẹbọ Tí Wọ́n Dá fún Àwọn Tó Ni Áàpù Òjò

Ìbínú ni Moróhunkéjì gbé wọ ilé mi ní Ìrágbìjí. Kò jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí mi."

Mo kà á. Àgbẹ̀ kan ló kọ ọ́ pé: "Ọ̀lẹ ni ọ́. Àgbàdo mi gbẹ nítorí rẹ. Tún áàpù rẹ ṣe, tàbí kí o pa á rẹ́." Irú rẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀ ju èyí tí ojú mi lè kà tán.

Olùkọ́ ìṣirò ni ọmọ yìí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òun àti Lánínhun ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe áàpù kan, wọ́n pè é ní Òjò Dé. Àgbẹ̀ tí òjò bá rọ̀ sí lóko á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àwọn tó wà ní abúlé mìíràn á sì mọ̀ bóyá ó tó àkókò láti gbin nǹkan. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó mú un ṣiṣẹ́, wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, tún un ṣe, tàbí mú un lò. Ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n síṣẹ́ náà. Nígbà tí àwọn tó ń lò ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọpẹ́ dáwọ́ dúró, àṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí Moróhunkéjì sin ìyá rẹ̀, ẹnìkan kọ̀wé sí i pé òun kò bèèrè ẹni tó kú, pé òjò ni òun ń bèèrè.

Ọ̀ṣun ni mo ń sìn, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni mo sì fi ń yẹ ọ̀ràn wò. Ó yẹ kí ara mi tutù. Kò tutù lọ́jọ́ náà. Mo ní kí ó lọ mú Lánínhun wá, nítorí ọwọ́ àwọn méjèèjì ni kọ́kọ́rọ́ wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọ inú áàpù náà lọ tún un ṣe.

Wọ́n jọ wá. Ẹyọ sọ̀rọ̀, mo sì jíṣẹ́ bó ti wí.

"Ẹ óò fi ẹyẹlé funfun àti oyin rúbọ. Ìyẹn wà lọ́jà. Èyí tí kò sí lọ́jà nìyí: ẹ óò kéde pé ẹ kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ óò pe ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́, ẹ óò sì pín kọ́kọ́rọ́ náà fún wọn. Bí ẹ bá rú u, iṣẹ́ yín yóò tọ́jọ́. Bí ẹ kò bá rú u, yóò jẹ yín tán."

Lánínhun rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ṣé ẹyẹlé ló máa tún kóòdù ṣe ni?"

"Ẹyẹlé kọ́. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ni."

"Mi ò lè kó iṣẹ́ mi lé àjèjì lọ́wọ́. Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀."

"Ṣé orúkọ rẹ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbin àgbàdo?"

Ó dìde, ó jáde, kò kí mi.

Moróhunkéjì ra ẹyẹlé, ó ra oyin, ó rúbọ létí odò. Lẹ́yìn náà ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó kọ ìkéde rẹ̀: "Ènìyàn ni mí. Ó ti rẹ̀ mí. N kò ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá lè ṣiṣẹ́, kí ó wá. Ẹni tó bá jẹ́ pé èébú nìkan ló ní, kí ó gbé e dání."

Ẹ wo bí wọ́n ti bú u! Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi bú u. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹni méjì yọjú: Fadérera tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkìrun, àti Bàbá Akínlàbí, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti bá ìjọba wọn òjò rí. Ó ti pé ọdún méjì tí àwọn méjèèjì ti ń ka kóòdù náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn rí pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àwọn tó ni ín. Moróhunkéjì fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

Lánínhun ti da kóòdù náà kọ ní tirẹ̀. Ó fi í ṣe áàpù mìíràn, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, ó sì ṣèlérí pé òun nìkan yóò máa dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Àwọn àgbẹ̀ ya lọ bá a. Wọ́n yìn ín fún àkókò òjò kan. Nígbà tó di ọdún kejì, ètò inú àwọn fóònù yí padà, áàpù rẹ̀ sì kú ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo. Òun nìkan ni wọ́n bú. Ó ń fèsì sí wọn níbi iṣẹ́ oṣù rẹ̀ títí ọ̀gá rẹ̀ fi dá a dúró. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń tẹ fóònù wú, kò lè di ṣíbí mú.

Ó wá bá mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹbọ yẹn ṣì ṣeé rú?"

Mo ní, "Lọ bi Moróhunkéjì."

Moróhunkéjì kò sí nílé. Ó ti lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Kàbà, láàárín àkókò òjò gan-an, Òjò Dé kò sì dákú ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Moróhunkéjì gbọ́, ó rú, ó rí ìsinmi, ó rí iyì. Lánínhun gbọ́, ó fi rẹ́rìn-ín, ó wá ń kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ nínú iṣẹ́ ẹni tí ẹ sì ń bú u, mo ti yẹ ọ̀ràn tiyín náà wò. Ìbínú mi sí yín kò tíì rọlẹ̀.