Ìdí Tí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Fi Ń Sá fún Òjò

Nígbà láéláé, ilé alámọ̀ ni gbogbo ẹyẹ ń gbé lórí igi. Àáró ni wọ́n fi ń kọ́ ọ: wọ́n á pawọ́ pọ̀ kọ́ ti ẹnì kan tán, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn.

Kò sí ẹni tó mọ amọ̀ pò tó Alápàáǹdẹ̀dẹ̀. Ẹnu ló fi ń kó amọ̀ pupa láti etí odò, títí amọ̀ náà fi kun ọ̀fun rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ di pupa, tí kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó yé ẹyin, ó tọ Àdàbà, olórí àáró, lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ tèmi. Mo ti fẹ́ yé."

"Bí a ṣe dàgbà sí la ń gba àáró," ni Àdàbà wí. "Ìwọ lo kéré jù. Ṣe sùúrù."

Inú ilé tí Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bá a kọ́ ló jókòó sí tó ń sọ ọ́ o.

Ó ṣe sùúrù. Ó kọ́ ti Ẹ̀gà. Ó kọ́ ti Ògbìgbò, ilé ńlá bí abà. Orí ẹ̀ka lásán ló yé ẹyin tirẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tó kàn án, ó po amọ̀ sílẹ̀, ó ń retí wọn. Ẹnikẹ́ni ò yọjú. Òjò sì ṣú.

Ó sáré lọ sílé Àdàbà. "Ẹ gbà mí, ẹ jẹ́ kí n kó ẹyin mi wọlé."

"Àwọn ọmọ mi ti sùn," ni Àdàbà dáhùn. "Bí òjò bá dá, a ó wá kọ́ tìẹ."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ìrù Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ há sí i. Níbi tó ti ń já ara rẹ̀ gbà, ìrù ya sí méjì. Kó tó padà, òjò ti gbá ẹyin rẹ̀ dànù. Gbogbo wọn ló fọ́ sílẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ẹyẹ yòókù kó amọ̀ dé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ta lẹ fẹ́ kọ́lé fún?" ni Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ bi wọ́n. Ó fò lọ.

Òjò ọdún náà wó ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ni wọ́n bá ń ṣa koríko kiri láti fi kọ́lé.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀fun Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti pupa, tí ìrù rẹ̀ sì là. Abẹ́ òrùlé ènìyàn ló ń dá kọ́lé sí, kì í bá wọn gbé orí igi mọ́. Ìgbà ọyẹ́ lẹ ó rí i. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣú, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ bi Àdàbà, á ní ìgbéraga ló ń ṣe é.