Ìdí Tí Irin Ìjó-òjé Kò Fi Ní Ẹsẹ̀ Mọ́

Nígbà láéláé, irin tí a fi ń jó òjé mọ́ wáyà ní ẹsẹ̀ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ bíi wáyà. Fúnra rẹ̀ ni í rìn lọ sídìí ààrò láti yáná, fúnra rẹ̀ ni í rìn padà sórí tábìlì. Ẹni tó ni ín kàn ń pàṣẹ ni. Ayé rọrùn nígbà náà, àbí a rò pé ó rọrùn.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Inú ilé ló ti ń tún rédíò ṣe, lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀. Ojú bàbá ti fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Rédíò nìkan ló ń mú ayé wọlé tọ̀ ọ́ wá. Nígbà tí wáyà inú rédíò náà já tó sì dákẹ́, bàbá náà kọjú sí ògiri. Kò jẹun mọ́. Ẹ̀rù ń ba Àwẹ̀ró.

Irin méjì ló wà nílé, Bọ̀ǹbọ̀ àti Ṣóńṣó. Bọ̀ǹbọ̀ lórí ńlá, garawa tó ń jò ló mọ̀ ọ́n dí. Ẹnu Ṣóńṣó mú bí abẹ́rẹ́, wáyà tín-ín-rín sì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣóńṣó tètè máa ń tutù, a ò sì lè lò ó láìní sùúrù.

Sùúrù Àwẹ̀ró ti tán lọ́jọ́ náà. Ó ti pọnmi, ó ti fọṣọ, ó ti wẹ bàbá, ẹ̀yìn sì ń ro ó. Ó jókòó gbì bí àpò gàrí.

Ṣóńṣó ní, "Ìyá wa, èmi ni kí ẹ mú. Iṣẹ́ kékeré ni."

Bọ̀ǹbọ̀ ní, "Ta ní máa dúró dè ọ́? Èmi ti gbóná ní tèmi."

"Gbígbóná nìkan kọ́ niṣẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ti rẹ̀ mí," ni Àwẹ̀ró wí. "Bọ̀ǹbọ̀, máa bọ̀. Wo ibi tí wáyà ti já yẹn. Jó o." Ó gbórí lé apá, oorun sì gbé e lọ.

Ẹ gbọ́ mi o. Wáyà ni Àwẹ̀ró ní kó jó pọ̀. Ijó ni Bọ̀ǹbọ̀ gbọ́. Irin tó ní ẹsẹ̀, kí ni kó tún gbọ́? Ó wọ inú rédíò, ó ká ẹsẹ̀, ó jùdí, ó ń jó. Wáyà ń yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èéfín sì kún yàrá.

Bàbá ló kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. "Àwẹ̀ró, kí ló ń jóná?"

Àwẹ̀ró jí, ó wo rédíò, ó bú sẹ́kún. "Mo ní kó jó o ni, Bàbá."

"Ó kúkú jó," ni bàbá wí. "A kì í bẹ iná níṣẹ́ ká sùn."

Inú bí Àwẹ̀ró. Ó fa ẹsẹ̀ Bọ̀ǹbọ̀ yọ. Ó tún fa ti Ṣóńṣó.

"Ìyá wa, kí ni mo ṣe?" ni Ṣóńṣó wí.

"O ò ṣe nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí láti máa ṣọ́ ẹsẹ̀ ni."

Ó lọ́ ẹsẹ̀ Ṣóńṣó mọ́ igi títí ó fi ká roboto, ó sì di ilé tí Ṣóńṣó ń sùn sí. Ó fi igi ṣe èèkù fún un. Lẹ́yìn náà ló dì í mú fúnra rẹ̀. Ó gbé e lọ sídìí iná, ó gbé e bọ̀, ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́ fóòmù tó rin kó lè mọ́, ó jó òjé mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ó sunkún díẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, rédíò kùn, ó wúkọ́, ó sọ̀rọ̀.

Bàbá kọjú síbẹ̀. "Àwẹ̀ró," ló wí, "kí ni a fẹ́ jẹ?"

Láti ọjọ́ náà ni irin ìjó-òjé kò ti ní ẹsẹ̀ mọ́, tó sì ń sùn nínú wáyà tó ká roboto. Kò sì lọ síbi kankan àfi kéèyàn gbé e. Bó ti wù kó rẹ̀ ọ́ tó, ìwọ lo máa dì í mú.