Òkété Tó Ń Retí Ìró Ọkọ́

Ẹ bá mi sọ fún tíṣà Adéoyin, níbikíbi tó bá wà, pé mi ò purọ́. Ó ní òkété kì í bá èèyàn ṣàdéhùn. Ìwé lòun kà, ẹsẹ̀ lèmi fi rìn. Kíláàsì kejì ni mo ti já ilé ìwé sílẹ̀, mo sì rìn dé Kútọnu.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gun katakata, ó já sẹ́nu ihò Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Òkété àti ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń gbé nínú oko Ọdẹ́tọ́lá. Wọ́n jọ ṣàdéhùn. Òkété ò ní fẹnu kan èbù iṣu. Ọdẹ́tọ́lá náà, kó tó kọ ebè, á fi ìdí ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: gbì, gbì, gbì. Òkété á kó ọmọ lọ sétí odò.

— Lọ́dọọdún, Bàbá?

Lọ́dọọdún. Àfìgbà tí katakata dé, ẹ̀rọ tó ń kọ ilẹ̀ bí ogún ọkùnrin. Ọdẹ́tọ́lá fi ọkọ́ há àjà. Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ wọ oko.

Nínú ihò, yẹ̀pẹ̀ ń já lé àwọn ọmọ lórí. Òkété fetí lélẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì, gbì. Kò dúró lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyá wa, ṣé ká jáde?"

"Ẹ ní sùúrù. Bàbá Ọdẹ́tọ́lá ò tíì kanlẹ̀."

"Ilẹ̀ ń gbọ̀n, Ìyá."

"Ẹni tó bá jáde láìgbọ́ ọkọ́, ajá ọdẹ ló ń gbé e."

Òkété ń rò ó. Tó bá jáde, ajá. Tó bá dúró ńkọ́?

— Bàbá, ẹ ní kó tètè jáde.

Ẹ sọ fún un, ṣé ó ń gbọ́ tiyín?

Ni nǹkan bá kan ilẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn fi ìkúùkù lù ú. Ohùn Ọdẹ́tọ́lá tẹ̀ lé e: "Ìyá Òkété, mo gbàgbé yín. Mo bẹ awakọ̀, kò gbọ́. Ẹ jáde."

"Ẹni tó gbàgbé mi láàárọ̀," Òkété ní, "mi ò ní gba ẹnu ihò tó dúró sí jáde."

Ó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn, ó ń fi èékánná wa ilẹ̀. Ó wa á, ó wa á. Ìmọ́lẹ̀ yọ. Ó ti ọmọ kan síta, ó ti èkejì. Bó ṣe ń fa ẹ̀kẹta yọ, irin katakata fa ẹnu ihò àtijọ́ ya.

Ọdẹ́tọ́lá fọwọ́ tú yẹ̀pẹ̀ títí dọ̀sán, ó ń sunkún. Kò rí òkú kankan.

Látọjọ́ náà ni ihò òkété ti di ẹlẹ́nu méjì. Èbù iṣu ńkọ́? Ó ń jẹ ẹ́, kò sì tọrọ gáfárà.

Ẹ̀yin ọmọ, irinṣẹ́ tuntun ò pa àdéhùn àtijọ́ rẹ́. Ẹ máa kìlọ̀ fẹ́ni tó ń gbé inú ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ilẹ̀ náà.

Ibi tí mo ti bu àlọ́ yìí, mo ti dá a padà síbẹ̀. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, dìde, lọ ra ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́rin wá fún mi. Mẹ́rin ni mo wí.