Ọdẹ́níran Lẹ́nu Ihò Ìmàdò

Kí Òkè-Àsá tó di ìlú ọlọ́jà, díẹ̀ ló kù kí ìmàdò lé àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó padà sí oko ẹrú. Wọ́n sá kúrò lábẹ́ ọba òṣìkà kan ni, iṣu àkọ́gbìn wọn nìkan ni wọ́n sì gbójú lé. Iṣu kò tíì ta tán tí agbo ìmàdò fi ya wọ oko, tí wọ́n ń fi imú tú ebè. Akọ tó ṣáájú wọn ga bí ọmọ màlúù, eyín rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ó ti fa ọdẹ méjì ya.

Baálẹ̀ Olúgbódi pe gbogbo èèyàn jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. Ẹrú tó yó sàn ju ọmọ tí ebi pa kú."

Ìgbà náà ni Ọdẹ́níran dọ̀bálẹ̀: Àjàní ọkọ Àdùfẹ́, ọdẹ a-fàyà-ko-ẹran, a-dúró-gbọin bí òpó ìloro.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹsẹ̀ tí mo fi sá kúrò níbẹ̀ ti gbàgbé ọ̀nà. Ẹ fún mi dọ̀la. Bí ẹran náà bá pa mí, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ẹ̀yìn ni ìmàdò fi ń wọ ihò, kí eyín rẹ̀ lè kọjú síta. Ìdí nìyí tí ọdẹ kankan kì í fi í dúró lẹ́nu ihò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí akọ náà ti wọlé lọ sinmi, Ọdẹ́níran kúnlẹ̀ síbẹ̀ gan-an. Ó ri ìdí ọ̀kọ̀ mọ́lẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ òkùnkùn. Ẹsẹ̀ fẹ́ sá. Ó rántí bí Àdùfẹ́ ṣe máa ń pọnmi fún ìyàwó olówó wọn lóko ẹrú, ó sì kígbe pé, "Jáde! Ilẹ̀ yìí kò gba àwa méjèèjì!"

Ẹran náà já jáde bí àpáta tó yí látòkè. Ọ̀kọ̀ wọ̀ ọ́ láyà, igi rẹ̀ kán; eyín ya itan ọdẹ dé egungun. Ọdẹ́níran kò yẹ̀. Ó wé apá mọ́ ọn lọ́rùn, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gún un títí ó fi dákẹ́. Agbo tó kù tú ká, wọn kò padà mọ́.

Ìjálá ni wọ́n fi gbé òun àti ẹran wọlé. Baálẹ̀ ṣí fìlà fún un: "Èmi kàn kó èèyàn wá síbí ni. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ dó."

Àwọn ọdẹ yọ ọ̀bẹ láti pín ẹran bí àṣà wọn. Ọdẹ́níran, tí wọ́n ń di itan rẹ̀ lọ́wọ́, nawọ́ sókè.

"Ẹ rọra ná. Iṣu àgbẹ̀ ló jẹ. Kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ojú ihò náà ni wọ́n ń ná ọjà Òkè-Àsá sí báyìí. Ibẹ̀ ni ọdẹ tó bá pa ìmàdò ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí, á na èèkù ọ̀bẹ sí àgbẹ̀, á sì dúró de ìpín tirẹ̀.